Ìdánwò Tí Kò Dán Nǹkan Wò: Ọkàn Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Fífi ọkàn sí ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí lílọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sí kíláàsì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó da gbogbo ohun tí olùkọ́ sọ kọ, kí ó tilẹ̀ yege, síbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má sí níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ara rẹ̀ ló wá. Kí ni ó ń so ọkàn mọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà? Àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbé ìbéèrè yìí fún, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni láti ìpìlẹ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó ń mú ènìyàn dúró ti ìmọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ìmọ̀ jẹ́.

Ó nira láti rí ìlú tí ìbéèrè náà bá mu ju Àkúrẹ́ àti Oǹdó lọ. Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti oṣù kejì ọdún 1976, ibẹ̀ sì ni FUTA wà, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981. Ní ìlú Oǹdó, ẹ̀kọ́ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: Ondo Boys' High School ti wà láti 1919, orúkọ àlùfáà Kánọ̀nù M. C. Adéyẹmí, tó jẹ́ gbajúgbajà olùkọ́ níbẹ̀, ni wọ́n sì fi sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ báyìí. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá Yunifásítì Wesley sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2007. Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, tí wọ́n ń pè ní UNIMED, tẹ̀ lé e ní 2014. Nínú ìlú kan ṣoṣo, ẹnì kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, ẹnì kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn, àwọn méjèèjì sì lè jọ máa sùn nídìí ìwé.

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni èrè. Orin tí wọ́n fi ń gba ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níyànjú kò ṣèlérí ìmọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bàtà ló ṣèlérí, bàtà tí yóò máa dún lẹ́sẹ̀ ẹni tó kàwé. Ìlérí náà kì í ṣe irọ́ nígbà kan. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, lórí àbá tí Adékúnlé Ajáṣin ọmọ Ọ̀wọ̀ ṣe agbátẹrù rẹ̀, iṣẹ́ tíṣà, iṣẹ́ akọ̀wé àti iṣẹ́ ìjọba ń dúró de ẹni tó bá gba ìwé-ẹ̀rí. Bàtà náà kò dún bíi tàtijọ́ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti ní gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́, "school na scam", ó sì ṣòro láti bá ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì gba dìgírì tí wọ́n sì wà nílé jiyàn lórí rẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì wá fi kún un. Ti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní 2020 gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, kò sì dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Láàárín àkókò yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ́ aṣọ rírán, òmíràn gbé ẹ̀rọ POS jókòó sí ojúde, òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dirun fún ènìyàn. Owó wọlé fún wọn láìsí dìgírì. Nígbà tí geètì ṣí, ara padà, ọkàn àwọn kan kò bá ara padà. Bó bá jẹ́ pé èrè nìkan ni okùn tó so wọ́n mọ́ ẹ̀kọ́, okùn náà ti já.

Èrè tilẹ̀ lè ba ìfẹ́ ẹ̀kọ́ jẹ́. Ní 1971, Edward Deci, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Ó kó àwọn ègé wẹ́wẹ́ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kí wọ́n máa tò wọ́n pọ̀ di oríṣiríṣi ìrísí, bí ẹni ń jálọ̀ọ́. Ó sanwó fún àwọn kan, kò san fún àwọn yòókù. Nígbà tí owó dúró, tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe ohun tó wù wọ́n, àwọn tó ti gbowó kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan àwọn ègé náà mọ́. Àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ ṣì ń tò ó. Èyí kò sọ pé owó burú. Ohun tó sọ ni pé ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti máa wo ọwọ́ asanwó lè gbàgbé pé eré náà dùn.

Ìdáhùn kejì ti pẹ́ ju ilé-ìwé lọ: orí ni. Ìgbàgbọ́ àtayébáyé ni pé kálukú ló lọ mú orí tirẹ̀ nílé Àjàlá kó tó wáyé, ohun tó bá sì mú níbẹ̀ ni yóò sọ bí ìwé yóò ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kú nínú ọgbà yunifásítì. Wọ́n ṣì ń sọ pé ọmọ kan ní orí ìwé, pé orí èkejì kò gbàwé. Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ilé àdúrà á kún, àwọn mìíràn á gbé báírò wọn lọ fún àdúrà. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, ìsọ̀yè wà, oògùn tí wọ́n ń lò kí ohun tí ènìyàn gbọ́ má baà fò lọ.

Ṣùgbọ́n Ifá fúnra rẹ̀ kò di gbogbo ẹrù lé Orí. Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde ní 1976, tọ́ka sí ìtàn kan nínú èyí tí àwọn Orí péjọ láti gbèrò láìpe Ẹsẹ̀. Èrò wọn kò lè ṣẹ títí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Aápọn ni Ẹsẹ̀ dúró fún níbẹ̀. Ìtàn náà gún régé, síbẹ̀ kò dáhùn ìbéèrè tó wà nílẹ̀: ó sọ pé ó di dandan kí ènìyàn rìn, kò sọ ohun tó ń mú ìrìn wù ú. Ìsọ̀yè pẹ̀lú kò dáhùn rẹ̀. Ohun tí a gbọ́ ni oògùn yẹn ń tọ́jú. Kò sí ẹni tó sọ pé ó ń sọ ohun tí a gbọ́ di ohun tí a mọ̀.

Ìyàtọ̀ láàárín gbígbọ́ àti mímọ̀ sì ni ojú ọ̀rọ̀ gan-an. Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà, àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jọ jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì jíròrò fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí ìwé wọn tó jáde ní 1986. Ìbéèrè wọn kò le létí: ìgbà wo ni Yorùbá máa ń sọ pé òun mọ nǹkan, ìgbà wo ló máa ń sọ pé òun gbà á gbọ́? Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ṣe é fi rọ́pò ara wọn. Ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tàbí tó kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni: ó gbọ́ ọ, ó sì gbà á. Òwe ti sọ ọ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó dé, pé ìròyìn ò tó àfojúbà. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ohun tó ń lọ nínú gbọ̀ngán ìkẹ́kọ̀ọ́, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe ìmọ̀. Ìgbàgbọ́ ni, bí ó ti wù kí ó jẹ́ òtítọ́ tó.

Ìgbàgbọ́ lè di ìmọ̀ ṣá. Ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí wọ́n dán an wò. Ewé tí wọ́n sọ fún ọmọ-iṣẹ́ oníṣègùn pé ó ń lé ibà, ìgbàgbọ́ ni lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ tó sè é, tó fún aláìsàn mu, tó sì fọwọ́ ba ara aláìsàn pé ó ti tutù. Láti ọjọ́ náà lọ, ó mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà "ìdánwò" ti wá, dán an wò kí o rí i, Yorùbá sì mú ọ̀rọ̀ kan náà fi pe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní ìparí sáà. Orúkọ náà dára ju ohun tó ń jẹ́ ẹ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nínú gbọ̀ngán ìdánwò kò dán nǹkan kan wò: wọ́n há ìwé sórí, wọ́n dà á sórí bébà, wọ́n gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. "La cram, la pour" ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ọkàn a máa dúró ti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí sí. Ẹni tí wọ́n ní kí ó máa jẹ́rìí ohun tí kò rí fún ọdún márùn-ún, á rẹ̀ ẹ́, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ pé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní Àkúrẹ́ lè ka ìwé lórí granite fún odidi sáà kan kí ó máa sùn lé e lórí. Granite náà ni Òkè Ìdánrè jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú un débẹ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, tó fọ́ òkúta kan, tó rí àwọn hóró ńláńlá tó ń dán nínú rẹ̀, tó sì ń bi ara rẹ̀ pé kí ló jẹ́ kí hóró wọ̀nyí tóbi tó báyìí, ìwé tí kò wù ú kà lánàá ló máa wá lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bákan náà ni ti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Oǹdó tó kọ́kọ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìlù ọkàn aláìsàn tí kò lọ déédéé. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nípa ọkàn kò yí padà. Òun ló ti kúrò ní ẹni tó gbà, ó di ẹlẹ́rìí.

Wọ́n lè ní ẹ̀kọ́ wà tí kò ṣe é fojú rí. Ta ló ti rí nọ́ńbà rí? Ìṣirò ló tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Ẹni tó da ìdáhùn kọ láti inú ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé ó tọ́ ni. Ẹni tó bá a jìjàkadì títí ó fi já, ojú inú rẹ̀ rí i, ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí láìbi olùkọ́. Ìgbádùn ìṣẹ́jú yẹn ni àwọn ẹfíkò ń lépa tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń rò pé máàkì ni. Ní ti ìtàn, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Oǹdó tó lè rí Púpùpú, obìnrin tí wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ jọba ìlú náà. Ṣùgbọ́n ó lè gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ó fi wé ohun tó wà nínú ìwé, kí ó rí ibi tí wọ́n ti bára mu àti ibi tí wọn kò ti bára mu. Púpùpú kọ́ ló rí níbẹ̀, ẹ̀rí ló rí. Iṣẹ́ òpìtàn nìyẹn.

Kò sì sí ẹni tó lè dán gbogbo nǹkan wò tán. Ìgbàgbọ́ dà bí àwìn: ọjà kì í ná láìsí i, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó fẹ́ ràwìn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó tà á fún un. Ìwà olùkọ́ ló ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ohun tí kò tíì rí. Olùkọ́ tó ń dé lásìkò, tó ń sọ pé òun kò mọ ohun tí òun kò mọ̀, tó sì ń mọ orúkọ díẹ̀ nínú àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀, wọ́n á tà á láwìn. Èyí tó ń ka ìwé tí eruku ti bò láti ogún ọdún sẹ́yìn, tó sì fi dandan lé e kí wọ́n ra ìwé tirẹ̀, kò yẹ kí ó bínú bí wọ́n bá ń wo fóònù.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí èyí rò pé ìwé híhá ni ọ̀tá. Ọmọ awo ń há ẹsẹ Ifá fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó há pọ̀ ju ohun tí yunifásítì kankan lè béèrè lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sá. Ohun tó dá a dúró ni pé ilé ọ̀gá rẹ̀ ló ń gbé. Ẹsẹ tó há láàárọ̀, ó ń rí i lójú iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá balẹ̀ níwájú ẹni tó wá dífá, tí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, tí ojú ẹni náà sì yí padà. Híhá àti rírí ń lọ pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ òde òní gba híhá, ó sì fi rírí sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ fóònù tí wọ́n ń dá lẹ́bi lójoojúmọ́ kì í ṣe tuntun pátápátá. Aquinas College wà ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará ìlú náà, orúkọ ilé-ìwé lásán ni. Thomas Aquinas tó ni orúkọ náà, àlùfáà tó kú ní 1274, kọ̀wé lórí ìfẹ́ ìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwà rere tó ní ojú méjì. Ojú kan ń ta ara tó fẹ́ sinmi jí. Ojú kejì ń fa ìjánu ọkàn tó fẹ́ mọ ohun gbogbo. Ó ka fífi ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ojúṣe ẹni sílẹ̀ tẹ̀ lé èyí tí kò ṣàǹfààní tó bẹ́ẹ̀ mọ́ àìsàn ìfẹ́ ìmọ̀. Ìyẹn fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ tó wo fóònù di òru kò pàdánù ìfẹ́ láti mọ̀. Ó ní in, ó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá. Ibi tí kò yẹ ló ń ná an sí. Fóònù ń fi nǹkan hàn án lójú, kíláàsì ń sọ fún un. Kò yani lẹ́nu pé fóònù ń borí.

Láti ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí ni ẹ̀kọ́ mìíràn ti wá, lórí àníyàn. Al-Ghazali wà lára olùkọ́ tó lókìkí jù ní Baghdad nígbà tó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní 1095. Ohùn rẹ̀ há sí i lọ́fun níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nígbà tí òun yẹ ọkàn òun wò, òkìkí ni òun bá níbẹ̀, kì í ṣe Ọlọ́run. Ìtàn rẹ̀ wúlò nítorí pé olùkọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ọkàn rẹ̀ lè kúrò nídìí ẹ̀kọ́.

Gbogbo èyí kò tó nǹkan níwájú ebi. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Apatapítì tàbí Aule ní ẹ̀gbẹ́ FUTA, tí iná BEDC kò dé fún ọjọ́ mẹ́ta, tí owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán, kò ní wàhálà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan. Iná ló fẹ́. Ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2024 ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Onímọ̀ tó bá ń wàásù aápọn fún ọmọ tí kò jẹun láti àná kàn ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹgbẹ́ ló kàn. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga yìí, àwọn ẹgbẹ́ Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí a máa ṣètò tùtóríà ọ̀fẹ́ fún àwọn ọlọ́dún kìíní, àwọn tó wà níwájú ni wọ́n sì ń kọ́ wọn. Wọ́n sábà máa ń yìn ín nítorí ẹni tí wọ́n ń kọ́. Ẹni tó ń kọ́ni ló jèrè jù. Ó rò pé òun mọ ìṣirò náà, títí ọmọ kan fi na ọwọ́ sókè béèrè "kí ló dé?", tó sì rí i pé òun kàn gbà á gbọ́ ni. Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á ti mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Èdè tí wọ́n ń lò níbẹ̀ náà yẹ ní àkíyèsí: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dí, Yorùbá ni wọ́n fi ń tú u. Láti 1970, Babs Fáfúnwá, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa láìrẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní yunifásítì, nínú tùtóríà nìkan ni ọgbọ́n yẹn ṣì wà láàyè.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò ṣàìmọ̀ pé rírí ṣe pàtàkì. Àjọ ITF ti dá SIWES sílẹ̀ láti 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lo ohun tó ń kọ́. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ń lọ fún TP, ó ń dúró níwájú ọmọ gidi tó ń pariwo gidi. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń wọ wọ́ọ̀dù. Àṣìṣe wà nínú àsìkò. Oṣù mẹ́fà SIWES ní FUTA kì í dé títí di ọdún kẹrin, wọ́ọ̀dù kì í dé títí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, TP pẹ̀lú ń dúró de ìgbà tí ẹ̀kọ́ ti ń lọ sópin. Ọlọ́dún kìíní, tí ọkàn rẹ̀ rọrùn jù láti sọ nù, gbọ̀ngán ńlá ni wọ́n kó o sí, kí ó máa gbọ́. Wọ́n to ètò náà lódì. Ìdánrè sì rèé, kò tó ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀ láti Àkúrẹ́.